Mùsíọ́mù Wúrà Dahlonega: Ta Ló Ti Lọ? Ẹ Gbà Mí Nímọ̀ràn

Ìyá Fèyí, Lawrenceville

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Ọmọ mi àgbà wà ní kíláàsì kẹjọ, orí ìtàn ìpínlẹ̀ Georgia wa níbí ní Amẹ́ríkà ni wọ́n wà ní sùkúù báyìí, wọ́n ti dé ibi wúrà ìlú Dahlonega àti bí wọ́n ṣe lé àwọn Cherokee, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, lọ, tíṣà wọn wá ní kí kálukú lọ wo ibì kan tó bá ìtàn yẹn mu kó sì kọ ohun tó bá rí níbẹ̀. Ó tún wá bọ́ sí àkókò tí bàbá mi wà lọ́dọ̀ wa, Iléṣà ni wọ́n ti wá, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀ àmọ́ wọn ò fẹ́ jókòó sílé rárá, bí mo ṣe dárúkọ wúrà báyìí ni wọ́n ní àwọn náà ń lọ torí wọ́n mọ àwọn tó ń wa góòlù nílé dáadáa. Mo tún ní ọmọ ọdún mẹ́fà kan tí kì í dúró sójú kan.

Ṣé mùsíọ́mù wúrà Dahlonega yẹn tó nǹkan tí èèyàn ń wa mọ́tò lọ wò? Ṣé àtẹ̀gùn ò ní pọ̀ jù fún bàbá? Kí ni ká ṣe fún ọmọ kékeré tí ò lè ka gbogbo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri? Ẹni tó bá ti débẹ̀ kó jọ̀ọ́ sọ bó ṣe rí gan-an fún mi.

Àkànbí Marietta

Ìyá Fèyí ẹ kú ilé o. Èmi ni mo máa ń mú gbogbo àlejò wa débẹ̀, ó tó lọ wò. Láti ọ̀dọ̀ yín, ẹ lè gba ọ̀nà 400 lọ sókè kẹ́ ẹ wá yà sí òsì níbi àmì ọ̀nà 60, tàbí kẹ́ ẹ gba Gainesville, ọ̀nà méjèèjì ló dáa. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gba 400, ẹ má yà sí ọjà outlet Dawsonville lálọ o, ẹ jẹ́ kó di àbọ̀, torí tẹ́ ẹ bá fi lè yà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ti lọ nìyẹn.

Ilé kọ́ọ̀tù àtijọ́ ni mùsíọ́mù náà, àárín ìlú gan-an ló wà, àwọn ṣọ́ọ̀bù yí i ká. Ọdún 1836 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì ń dájọ́ nínú ẹ̀ títí di 1965, ó wà lára àwọn ilé kọ́ọ̀tù tó dàgbà jù ní gbogbo Georgia. Kẹ́ ẹ tó wọlé rárá, ẹ mú ọmọ kékeré yẹn lọ síbi ògiri. Amọ̀ ìlú yẹn ni wọ́n fi sun bíríkì ẹ̀, wúrà sì wà nínú amọ̀ náà, ìyẹn ni pé wúrà wà nínú ògiri yẹn títí dòní, ó kàn kéré débi pé kò ṣe é yọ ni. Ọmọ tèmi fi ọwọ́ pa ògiri yẹn káàkiri, ó ń wá a, ó ṣòro kí n tó rí i mú wọlé.

Nínú, nísàlẹ̀, ẹ máa rí owó ẹyọ wúrà, irinṣẹ́ àwọn awakùsà, òkúta wúrà kan tó wúwo ju ounce márùn-ún lọ, àti ìbọn omi kan, irin ńlá gbọọrọ ni, òun ni wọ́n fi ń tú omi sára òkè kí ilẹ̀ lè wó. Lókè ni yàrá tí adájọ́ ti ń jókòó wà, àga onígi àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ti 1889, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi fíìmù han àwọn èèyàn. Tórí orúnkún bàbá, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ bi wọ́n pé báwo ni ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ṣe lè dé òkè, kẹ́ ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀. Tí wọn ò bá tiẹ̀ gòkè, èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan tí wọ́n fẹ́ wò ìsàlẹ̀ ló wà.

Sàlámì Onímọ́tò

Mo gbà pẹ̀lú bọ̀dá Àkànbí lórí ilé yẹn àmọ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, mùsíọ́mù yẹn ò tóbi. Ẹni tí ò fẹ́ràn àti kàwé á yí i po tán láàárín wákàtí kan, kódà kò ní tó bẹ́ẹ̀. Torí náà ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan lẹ máa torí ẹ̀ wa mọ́tò. Ibi ìwakùsà wúrà méjì míì wà nítòsí tó dáa fún ọmọdé. Èyí tó ń jẹ́ Consolidated, inú ilẹ̀ lóhùn-ún ni wọ́n máa mú yín wọ̀, ihò tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí 1900, iléeṣẹ́ yẹn ò pẹ́ rárá tó fi wọko gbèsè. Inú ihò yẹn tutù, 60°F ló máa ń wà yálà oòrùn ń ràn níta tàbí yìnyín ń já, ẹ mú sùẹ́tà dání, kẹ́ ẹ sì wọ bàtà tó dì mọ́lẹ̀ torí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ o, mi ò ní gba bàbá nímọ̀ràn láti wọ̀ ọ́.

Èkejì ni Crisson, láti 1847 ni wọ́n ti ń wa wúrà níbẹ̀, ìta gbangba ni, kò sí pé ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbì kankan. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gún òkúta, irin ńlá ńlá tó ń lọ sókè tó ń já wálẹ̀, ẹ̀rọ náà ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ di etí ọmọ kékeré yẹn tí wọ́n bá tàn án torí ariwo ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ibi tí wọ́n ti ń fi àwo fọ yanrìn. Bàbá lè jókòó níbẹ̀ kí wọ́n máa fọ tiwọn.

Ọmọ Ọbòkun

Ìyá Fèyí, inú mi dùn pé bàbá Ìjẹ̀ṣà ń lọ. Ẹ mú wọn lọ síbi fífọ yanrìn yẹn jọ̀ọ́, torí iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni, Itagunmodi, Igun, Ìpẹ̀rìndò, gbogbo agbègbè yẹn ni wọ́n ti ń wa góòlù, ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ á ti rí i lójú ara ẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni, ní Dahlonega àti nílé. Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mọ́kàndínlógún, tẹ́ ẹ bá da yanrìn àti omi sínú àwo tẹ́ ẹ sì ń mì ín, wúrà á máa rì, yanrìn á máa bọ́ sórí. Ẹ máa dẹ etí àwo síwájú díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi máa gbé yanrìn fífúyẹ́ lọ, ẹ má kánjú, àwọn ọmọdé ló máa ń kánjú dà á nù. Tó bá kù díẹ̀ ẹ máa rí yanrìn dúdú kan tí ò fẹ́ lọ, ìyẹn náà wúwo, irin ló wà nínú ẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì lè fà á. Ẹ rọra da omi díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ fi yí àwo náà po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yanrìn dúdú yẹn á sún, ẹ máa wá rí nǹkan tíntìntín tó ń tàn lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n máa ń fún èèyàn ní ìgò kékeré tí wọ́n á fi kó o lọ sílé.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe gan-an ni pé kẹ́ ẹ fi fóònù ká ohùn bàbá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé fún ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìjẹ̀ṣà, ta ló ń wà á, ta ló ń rà á, kí ló ṣẹlẹ̀ sí oko àti odò. Mùsíọ́mù ti Dahlonega ní àkọsílẹ̀ lóríṣiríṣi torí pé àwọn kan kó o jọ láyé ọjọ́un. Tiwa, ẹnu àwọn àgbà ló ṣì wà.

Ẹ bi wọ́n nípa mẹ́kúrì náà, irin tó máa ń ṣàn bí omi. Òun ni wọ́n ń lò ní Dahlonega láyé ìgbà yẹn láti fi gbá wúrà mú lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti gún òkúta, àwọn tó ń wa góòlù ní ọ̀pọ̀ ibi nílé ṣì ń lò ó títí dòní, ó sì burú fún ara àti fún omi. Odò Ọ̀ṣun tẹ́ ẹ rí yẹn, èyí tí igbó ẹ̀ l'Óṣogbo ti wà lórí ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti 2005, omi ẹ̀ ti pọ́n kanlẹ̀ lọ́dún àìpẹ́ yìí nítorí ìwakùsà ní apá òkè odò. Tí ọmọ yín bá wo ìbọn omi inú mùsíọ́mù yẹn tó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe fi wó òkè, tí gbogbo ẹrẹ̀ sì ṣàn lọ sínú odò, ó máa yé e pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí.

Tíṣà Bímpé

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i torí ìtàn Georgia yìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ. Ìyá Fèyí, iṣẹ́ ọmọ yín máa dáa gan-an tó bá lọ pẹ̀lú ìbéèrè lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó bá lọ láì ní ìbéèrè, gbogbo ohun tí wọ́n máa ń kọ wá fún mi ò ju pé wúrà ń dán, a sì ra fudge.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ilẹ̀ ta ni? Nígbà tí ìròyìn wúrà tàn ká ní 1829, ilẹ̀ Cherokee ni, àwọn ló wà lórí ẹ̀ láti ayébáyé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ya wọlé láì gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 1830 ìjọba Georgia kéde pé kí ẹnikẹ́ni má wa wúrà níbẹ̀ mọ́, títí kan àwọn Cherokee fúnra wọn lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí wọn sí. Ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé kí wọ́n kó àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ní 1832 ni Georgia wá ta lọ́tìrì lórí ilẹ̀ náà, wọ́n gé ibi tí wúrà wà sí éékà 40, wọ́n gé èyí tó kù sí éékà 160, wọ́n kọ nọ́ńbà sínú ìwé, wọ́n kó o sínú àgbá, wọ́n ń fa á, àwọn aláwọ̀ funfun tó ń gbé ní Georgia ni wọ́n sì jẹ́ kó kópa. Ẹ wò ó, àwọn tó ni ilẹ̀ ṣì ń gbé nínú ilé wọn nígbà tí ẹlòmíì ti ń jẹ lọ́tìrì ilé náà! Mi ò tíì kọ́ ìtàn yìí ní kíláàsì kí ọmọ kan má bi mí pé ṣé òfin gbà á ni. Kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ ní 1832 pé òfin Georgia ò lágbára lórí ilẹ̀ Cherokee, àmọ́ ìjọba Georgia ò tẹ̀ lé e. Ní 1835 àwọn díẹ̀ kan fọwọ́ sí àdéhùn tí olórí wọn John Ross ò fọwọ́ sí, ní 1838 sójà kó wọn jáde nílé, nǹkan bí 4,000 nínú àwọn tí wọ́n lé ló kú, èyí tó kú nínú ọgbà tí wọ́n dè wọ́n mọ́ àti èyí tó kú lójú ọ̀nà Oklahoma.

Ìbéèrè kejì ni pé kó ka déètì. 1836 ni wọ́n kọ́ kọ́ọ̀tù yẹn, 1838 ni ilé tí wọ́n ti ń rọ owó wúrà ní Dahlonega bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 1838 yẹn náà ni wọ́n kó àwọn Cherokee lọ. Kí ọmọ yín to àwọn déètì yẹn sórí ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ẹ̀. Èmi máa fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní máàkì tó pọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ mìíràn, ẹ mú wọn lọ sí New Echota, nítòsí ìlú Calhoun lápá ọ̀nà I-75, ibẹ̀ ni olú ìlú Cherokee wà láti 1825. Wọ́n ní ilé ìtẹ̀wé níbẹ̀, ìwé ìròyìn wọn Cherokee Phoenix bẹ̀rẹ̀ ní 1828, ní èdè tiwọn, pẹ̀lú lẹ́tà tí ọmọ wọn Sequoyah ṣe fún wọn. Àwa Yorùbá tó ń fi Ìwé Ìròyìn ti Abẹ́òkúta yangàn, 1859 ni tiwa jáde. Àwọn èèyàn tó ti ń ka ìwé ìròyìn ní èdè wọn ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú wa ni wọ́n lé kúrò nílé nítorí wúrà àti ilẹ̀. Kí bàbá gbọ́ ìyẹn, mo mọ̀ pé wọ́n máa ní nǹkan sọ.

Ìyá Fèyí, Lawrenceville

Háà, ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á bù kún yín. Tíṣà Bímpé, mo ti ka tiyín sétígbọ̀ọ́ ọmọ mi, ó ti ń kọ déètì sílẹ̀. Bàbá náà gbọ́, ọ̀rọ̀ lọ́tìrì yẹn bí wọn nínú gan-an, wọ́n ní báwo ni wọ́n ṣe máa ta tẹ́tẹ́ lórí ilé onílé. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò lè dáhùn: ta ló ń gbẹ́ ilẹ̀ yẹn gan-an? Ṣé àwọn òyìnbó fúnra wọn ni àbí wọ́n kó ẹrú wá?

Mọ́remí Decatur

Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo ń dúró de. Ẹrú wà níbẹ̀ o. Àwọn tó ní ẹrú ní gúúsù, tí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́, wọ́n máa ń kó wọn lọ sí ibi wúrà, àwọn míì sì máa ń fi ẹrú wọn rẹ́ǹtì fún àwọn tó ń wà á. John C. Calhoun tó ṣe igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà títí di 1832, ó ní ibi ìwakùsà kan nítòsí Dahlonega, ó kó àwọn tó kó lẹ́rú láti South Carolina wá síbẹ̀, ọkọ ọmọ ẹ̀ Thomas Clemson ló bá a mójú tó o nígbà kan, òun náà ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe yunifásítì Clemson. Torí náà tí ọmọ yín bá rí irinṣẹ́ nínú gíláàsì, ṣọ́bìrì, jígà, àwo ìfọyanrìn, kó bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé ọwọ́ ta ló di èyí mú.

Kó sì béèrè James Boisclair. Ẹ má gbàgbé orúkọ yìí. Free Jim ni wọ́n ń pè é, èèyàn dúdú ni, òmìnira ni, Augusta ló ti wá. Ó rí wúrà lórí ilẹ̀ kan ní Dahlonega, àmọ́ òfin Georgia nígbà yẹn ni pé èèyàn dúdú tó lómìnira gbọ́dọ̀ ní aláwọ̀ funfun kan tó dúró fún un, òun fúnra ẹ̀ ò lè kàn lọ ra ilẹ̀ wúrà. Ẹni tó dúró fún un ni dókítà Joseph Singleton, òun kan náà ló jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ilé tí wọ́n ti ń rọ owó. Boisclair wa wúrà, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá nínú ìlú, ó rí jájẹ dáadáa nínú ìlú tí ò fún un láyè láti fi orúkọ ara ẹ̀ ra nǹkan. Nígbà tí ariwo wúrà California bẹ̀rẹ̀, ó bá wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa á.

Mo máa ń rọ àwọn èèyàn wa pé kí wọ́n béèrè ẹ̀ sókè, kí àwọn ọmọ gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń fẹ́ràn àlejò tó bá ní ìbéèrè, wọ́n á jókòó tì yín, wọ́n á sọ fún yín ju ohun tó wà lára ògiri lọ. Ilé tí a ń sọ yìí, ilé ẹjọ́ ni, inú ẹ̀ ni òfin ti ń ṣẹlẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ń tà, gbèsè, ogún, ẹrú náà sì wà lára ogún láyé ìgbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá jókòó sórí àga òkè yẹn, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ ibi tó jókòó sí.

Àdìó Owó Ẹyọ

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ owó ẹyọ dáadáa, èmi ló kàn. Ilé tí wọ́n ti ń rọ owó ní Dahlonega ṣiṣẹ́ láti 1838 títí di 1861 tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ará gúúsù gbà á. Owó wúrà nìkan ni wọ́n ń rọ níbẹ̀, dọ́là kan, dọ́là méjì àbọ̀, dọ́là mẹ́ta, dọ́là márùn-ún. Ti dọ́là mẹ́ta yẹn, ọdún 1854 nìkan ni wọ́n rọ ọ́. Kí ọmọ yín wá D kékeré lára owó kọ̀ọ̀kan, àmì Dahlonega ni. Tó bá délé kó wá kọ́tà tàbí péní inú àpò ẹ̀, á rí D lára àwọn kan níbẹ̀ náà, ti ìsinsìnyí Denver ni, 1906 ni Denver tó bẹ̀rẹ̀ sí rọ owó. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ará ibí ló wà nídìí bí wúrà ṣe mú kí wọ́n tẹ Denver dó: Green Russell, ọmọ agbègbè Auraria tó wà lẹ́bàá Dahlonega, òun ló kó àwọn èèyàn lọ wá wúrà ní Colorado ní 1858, wọ́n dá ìlú sílẹ̀ níbẹ̀ wọ́n sì sọ ọ́ ní Auraria bíi tilé, ìlú yẹn ló padà di ara Denver.

Ilé tí wọ́n ti ń rọ owó yẹn jóná ní 1878. Orí ìpìlẹ̀ ẹ̀ ni yunifásítì tó wà níbẹ̀ kọ́ Price Memorial Hall sí, ẹ máa rí ṣóńṣó orí ilé náà tó ń dán, wúrà ni wọ́n fi bò ó. Kò jìnnà sí mùsíọ́mù, bàbá lè wò ó láti inú mọ́tò. Tí àwọn ọmọ bá ti rí orí ilé ìjọba aláwọ̀ wúrà ní downtown Atlanta, ẹ sọ fún wọn pé Dahlonega ni wúrà yẹn ti wá, ounce 43, 1958 ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó o wá sí Atlanta.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ra owó ẹyọ Dahlonega lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí ti mùsíọ́mù tí ojú yín sì wọ̀ ọ́. Ayédèrú pọ̀, àwọn kan máa ń lẹ D mọ́ owó tí kì í ṣe ti ibẹ̀. Ojúlówó ẹ̀ wọ́n gan-an, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ike tí àwọn tó ń yẹ owó wò ti dì pa.

Àkànbí Marietta

Ẹ ṣé Àdìó. Ìyá Fèyí, nípa ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ: ẹ sá fún wíkẹ́ńdì àjọ̀dún Gold Rush Days, wíkẹ́ńdì kẹta October ni, gbogbo ìlú máa ń kún fọ́fọ́, ẹ ò ní rí ibi páàkì sí, bàbá sì máa rìn ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo October ni èrò máa ń pọ̀ torí ewé tó ń pupa. Tẹ́ ẹ bá lè rí ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí sùkúù bá ti pa, ìyẹn ló dáa jù. Ẹ má wá àyè páàkì ní iwájú mùsíọ́mù, ẹ já bàbá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó lọ páàkì lẹ́yìn.

Ti owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ bi láíbìrì yín. Àwọn láíbìrì Georgia máa ń yá èèyàn ní páàsì tó ń wọ páàkì ìjọba àti àwọn ibi ìtàn bí èyí, bí ìwé náà lẹ ṣe máa yá a, àmọ́ kì í pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ tètè béèrè. Àwọn ibi ìwakùsà tí Sàlámì dárúkọ, aládàáni ni wọ́n, páàsì yẹn ò wọ ibẹ̀.

Sàlámì Onímọ́tò

Oúnjẹ o! Ẹ gbé ìrẹsì yín dání nínú kúlà. Oúnjẹ òyìnbó ló wà ní gbogbo àyíká yẹn, ó dáa tirẹ̀, àmọ́ bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Iléṣà dé lè má fẹ́ jẹ ẹ́.

Ìyá Fèyí, Lawrenceville

Mo ti pè wọ́n láàárọ̀ yìí, wọ́n dáhùn dáadáa, mo ti ṣàlàyé orúnkún bàbá fún wọn, wọ́n ní ká wá. Láíbìrì náà ní ká wá gba páàsì. Bí a ṣe máa ṣe é rèé: mùsíọ́mù láàárọ̀ nígbà tí ara bàbá ṣì le, ká jẹun nínú mọ́tò, ká wá lọ fọ yanrìn ní Crisson lọ́sàn-án. Ti inú ilẹ̀, ọkọ mi á mú ọmọ àgbà nìkan lọ lọ́jọ́ mìíràn. Bàbá ti ní àwọn fẹ́ gbọ́ ìtàn Free Jim lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀, èmi ni màá máa túmọ̀ fún wọn. Ọmọ Ọbòkun, fóònù wo ló ń ká ohùn dáadáa níbi tí omi ti ń dún?

Ọmọ Ọbòkun

Fóònù yòówù tẹ́ ẹ bá ní á ṣe é. Ẹ sáà má gbé e sórí tábìlì tí omi ń gbà kọjá, ẹ fi sínú àpò ẹ̀wù bàbá lókè, kí ẹnu ẹ̀ kọjú sí àgbọ̀n wọn, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kọ orúkọ àwọn abúlé tí wọ́n bá dárúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an kí bàbá tó padà lọ sílé, torí tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, orúkọ abúlé ló máa kọ́kọ́ ṣòro láti gbọ́ yé.